Àmì abẹ́ Ọ tí téèpù jẹ: bí mo ṣe tún Amiga 500 ṣe fún àkọlé ọjọ́ ìbí ìyá mi

Ó ti pẹ́ tí a ti ń fi kásẹ́ẹ̀tì fídíò kan ṣẹ̀fẹ̀ nílé wa ní Peckham, ní Lọ́ńdọ̀nù. Ọdún 1994 ni wọ́n ká a sílẹ̀, lọ́jọ́ tí ìyá mi pé ogójì ọdún. Àbúrò rẹ̀ ọkùnrin ló gbé kámẹ́rà lọ́jọ́ náà, òun ló sì fi kọ̀ǹpútà kọ àkọlé tó ṣáájú fídíò ọ̀hún. Bọ̀dá Fídíò ni gbogbo ẹbí ń pè é títí dòní. Lẹ́tà pupa ló kọ sórí búlúù, torí pupa àti búlúù ni aṣọ ẹbí: OJO IBI OGOJI ODUN. Kò sí àmì lábẹ́ lẹ́tà kankan. Ẹni tó bá kà á bó ṣe rí, òjò ibi ló máa kà. Kò sí ọdún Kérésì tí a kì í gbé kásẹ́ẹ̀tì náà sí i, ẹnìkan nínú àwa ọmọ á sì lọgun pé, "Ẹ wá agbòjò o!" Bọ̀dá á kàn rẹ́rìn-ín sábẹ́ irùngbọ̀n.

Lọ́dún 2024 ìyá mi pé àádọ́rin ọdún. Nígbà tó ku oṣù mẹ́ta, ó ní òun fẹ́ kí fídíò tòun wà lórí kásẹ́ẹ̀tì bíi ti àkọ́kọ́, kí òun lè kó méjèèjì sínú àpótí kan. Mo ní kò burú. Mo lọ bá Bọ̀dá, ó gun orí àjà, ó gbé Amiga 500 rẹ̀, kọ̀ǹpútà tó fi kọ àkọlé yẹn, sọ̀ kalẹ̀ pẹ̀lú àpótí bàtà kan tó kún fún dísíìkì. Ohun tí mo ṣe láàárín oṣù mẹ́ta yẹn ni mo kọ síbí, fún ẹni tó bá fẹ́ ká àwòrán kọ̀ǹpútà àtijọ́ sórí téèpù, pàápàá tó bá jẹ́ pé Yorùbá ló fẹ́ kọ sójú rẹ̀.

Ohun tí mo bá nínú ẹ̀rọ

Ọdún 1987 ni Commodore gbé Amiga 500 jáde. Nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì níbí, géèmù ni ọ̀pọ̀ ọmọdé fi ń ṣe, ṣùgbọ́n àwọn tó ń ya fídíò rí nǹkan mìíràn lára rẹ̀. Aago inú rẹ̀ bá ti tẹlifíṣọ̀n mu: ìlà 15,625 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. Kírísítà, ègé kékeré tó ń fún aago náà ní ìlù, jẹ́ 28.37516 MHz (ìlù mílíọ̀nù 28 àti díẹ̀ ní ìṣẹ́jú-àáyá kan), òun ló sì ń darí gbogbo ara rẹ̀. Sọ nọ́ńbà yẹn di ìlọ́po márùn-ún, kí o pín in sí ọ̀nà 32, wàá rí 4.43361875 MHz, iye tí PAL, ìlànà tẹlifíṣọ̀n aláwọ̀ tí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ń lò nígbà náà, fi ń gbé àwọ̀ kiri gẹ́lẹ́. Àwọn tó ṣe é ti ní tẹlifíṣọ̀n lọ́kàn kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀.

PAL náà ni Nàìjíríà ń lò nígbà yẹn. Ìdí nìyẹn tí kásẹ́ẹ̀tì tí Bọ̀dá bá fi rán èèyàn sí Ìbàdàn fi máa ń ṣiṣẹ́ bó ṣe ń débẹ̀. Ti àwọn ẹbí wa tó wà ní Amẹ́ríkà ló máa ń di wàhálà: NTSC ni ìlànà tiwọn nígbà náà, ìlà 525 dípò 625, 60 Hz dípò 50. Tí ẹ̀rọ ilé rẹ kò bá mọ̀ ọ́n, àwòrán á máa yí gbirigbiri ni, ìyàwó ń jó, orí rẹ̀ wà nísàlẹ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ wà lókè.

Abẹ́ ẹ̀rọ ni mo kọ́kọ́ ṣí, níbi tí wọ́n ń ki káàdì A501 bọ̀. Káàdì yìí ló ń fi mẹ́mórì 512 KB kún 512 KB tó wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀, bátìrì kékeré kan sì wà lórí rẹ̀ tó ń tọ́jú aago. Ẹni tó bá gbé Amiga jáde láti orí àjà, kó wo bátìrì yẹn kó tó tan iná rárá. Tèmi ti da omi sílẹ̀. Ó ti gbẹ, ó ti di ìyẹ̀fun aláwọ̀ ewé, ó sì ti jẹ ọ̀nà bàbà mẹ́ta lára káàdì náà wọ inú. Bátìrì nickel-cadmium ni; omi rẹ̀ kì í ṣe ásíìdì, òdìkejì ásíìdì ni, nítorí náà fínígà ló ń kápá rẹ̀. Mo gé bátìrì dànù, mo fi búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín bọ fínígà, mo rọra ń fọ ọ́ títí tí kò fi hó mọ́. Mo fi omi ṣàn án, mo fi sípíríìtì nù ún, mo gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ hítà di ọjọ́ kejì. Mítà fi hàn pé méjì nínú ọ̀nà mẹ́ta náà ti já. Mo jó wáyà tó tín-ín-rín bí irun mọ́ wọn, ọwọ́ mi ń gbọ̀n bíi ti ẹni tó fẹ́ ki òwú bọ abẹ́rẹ́ lálẹ́.

Mo wọn páwà lọ́tọ̀ kí n tó so ó pọ̀: 5 fóòtì (volt) pé, 12 pé, òdì 12 náà pé. Mo tan án. Ojú funfun, ọwọ́ kan mú dísíìkì dání. Bí Kickstart 1.3, ètò tó ń jí ẹ̀rọ náà, ṣe ń kí èèyàn nìyẹn, ó ń bèèrè oúnjẹ. Ibi tí dísíìkì ń wọ̀ kò gba àsìkò púpọ̀. Òwú àti sípíríìtì lórí héèdì rẹ̀ ti tó. Ìgbà kẹta ni Deluxe Paint III, ètò ìyàwòrán, ṣí.

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í ki dísíìkì Bọ̀dá bọ̀ ọ́ ní ìkọ̀ọ̀kan. Àwọn kan ti kú. Èyí tó kọ "Sista 40" sí lára pẹ̀lú báírò pupa kò tíì kú. Mo ṣí àwòrán inú rẹ̀. Tẹlifíṣọ̀n kékeré kan tó ní ihò SCART ni mo fi ń wò ó, pẹ̀lú wáyà RGB tó gbé pupa, ewé àti búlúù lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, nítorí náà ó mọ́ kedere. Lẹ́tà pupa, ojú búlúù. Mo sún mọ́ ọn. Mo tún sún mọ́ ọn.

Àmì wà lábẹ́ Ọ. Mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.

Mo pè é lórí fóònù lójú ẹsẹ̀. "Bọ̀dá, ẹ kú alẹ́ o. Àmì wà lábẹ́ ẹ̀!"

"Àmì wo?"

"Abẹ́ ọ̀rọ̀ tẹ́ ẹ kọ fún màmá mi. Ọ mẹ́ta ló yẹ kó ní àmì, mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló ní in."

Ó dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀. "Ṣé o rò pé n kò lọ ilé-ìwé ni? Ẹ̀yin ọmọ yìí lẹ ò bi mí." Ó wá ṣàlàyé: lójú mọ́nítọ̀ òun, ó hàn ketekete. Ìgbà tí òun ká a tán tí òun gbé e sí tẹlifíṣọ̀n lòun ò rí i mọ́. "Aago méjì òru ni. Màmá ẹ fẹ́ kí àwọn àlejò tó ń padà sí Nàìjíríà mú kásẹ́ẹ̀tì lọ láàárọ̀. Kí lo fẹ́ kí n ṣe?"

Ọgbọ̀n ọdún la fi ń pe agbòjò sí ọkùnrin yìí. Láti alẹ́ ọjọ́ yẹn, iṣẹ́ mi yí padà. N kò wá àkọlé tó rẹwà mọ́; mo fẹ́ mọ ibi tí àmì yẹn wọlẹ̀ sí.

Wáyà àwọ̀

Ihò kan wà lẹ́yìn Amiga 500 tó jọ ihò AV gidi. Má jẹ́ kó tàn ẹ́. Dúdú àti funfun nìkan ló ń gbé jáde. Mo mọ̀ bẹ́ẹ̀ tẹ́lẹ̀, síbẹ̀ mo dán an wò, mo sì ká ìṣẹ́jú mẹ́wàá àwòrán tó dà bíi fọ́tò ìgbéyàwó àwọn bàbá wa àgbà. Àwọ̀ wà nínú ihò onípín 23 (abẹ́rẹ́ irin mẹ́tàlélógún) tó wà fún mọ́nítọ̀. Láyé ìgbà yẹn, Commodore máa ń ta àpótí kékeré tó ń jẹ́ A520 tó ń pa àwọ̀ pọ̀ sójú wáyà kan, àmọ́ Bọ̀dá ti ta tirẹ̀ pẹ̀lú genlock rẹ̀.

Genlock yẹn ni mo bi í léèrè jù. Òun ló ń jẹ́ kí lẹ́tà wà lórí ẹni tó ń jó dípò kó wà lójú ìwé tirẹ̀. Ó ń gba fídíò láti inú kámẹ́rà, ó ń fi aago fídíò náà rọ́pò aago Amiga láti pín 1, kí ìlà àwọn méjèèjì lè máa bẹ̀rẹ̀ pọ̀. Níbikíbi tí Amiga bá kun àwọ̀ 0, pín 14 á sọ fún un, á wá jẹ́ kí fídíò hàn gba ibẹ̀. "Tí wáyà ẹ̀ bá yọ báyìí," ni Bọ̀dá wí, "kọ̀ǹpútà náà á dúró gbagidi. Aago ẹ̀ lo yọ yẹn." N kò ní genlock, nítorí náà àkọlé tèmi máa dá dúró lójú ara rẹ̀, bíi ojú ìwé.

Mo kó ẹ̀rọ apàwọ̀pọ̀ tèmi jọ fúnra mi. AD724 ni ọkàn rẹ̀, ẹ̀yà kékeré kan láti ọ̀dọ̀ Analog Devices, ẹsẹ̀ mẹ́rìndínlógún. Ìsomọ́ onípín 23 ti di ohun ọ̀wọ́n. Gbogbo ẹni tó ń tún Amiga ṣe ló mọ ohun tí à ń ṣe sí i: ra onípín 25 tó wà káàkiri, kí o fi ayùn irin gé pín méjì kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Mo fi fáìsì dì í mú, mo gé e, ekuru irin bo tábìlì ìdáná ìyàwó mi, a sọ̀rọ̀ díẹ̀ lórí ìyẹn. Pín 3, 4 àti 5 ni pupa, ewé àti búlúù. Pín 10 ni àmì tó ń sọ ibi tí ìlà ti bẹ̀rẹ̀. Mo gbé e lọ sí ẹsẹ̀ 16 AD724, mo sì so ẹsẹ̀ 15 mọ́ 5 fóòtì. Ẹsẹ̀ 1 lọ sí ilẹ̀ (wáyà òdo fóòtì), kó lè ṣe PAL. Kírísítà rẹ̀ jẹ́ 4.433619 MHz. Pín 23 Amiga ló fún un ní 5 fóòtì.

Ó ṣiṣẹ́ ní ìgbà àkọ́kọ́, ìyẹn ló sì yẹ kó fu mí lára. Lójú tẹlifíṣọ̀n, funfun mọ́lẹ̀ jù, àmọ́ mo gbójú kúrò. Nígbà tí mo wá ká a sórí téèpù, gbogbo lẹ́tà funfun yọ ìrù dúdú sápá ọ̀tún, bíi yíǹkì tí wọ́n fi ọwọ́ pa kó tó gbẹ. Odindi ọ̀sẹ̀ kan ni mo fi dá téèpù lẹ́bi, tí mo tún dá ẹ̀rọ fídíò lẹ́bi. Èmi ni mo gbàgbé rẹsísítọ̀ (ègé tó ń dín agbára iná kù) 75 ohm mẹ́ta tó yẹ kó wà láàárín àwọ̀ kọ̀ọ̀kan àti ilẹ̀. Láìsí wọn, 0.7 fóòtì tó yẹ kó wọlé di ìlọ́po méjì. Tẹlifíṣọ̀n lè fara dà á, àmọ́ VHS, irú kásẹ́ẹ̀tì fídíò yìí, ń fi ìmọ́lẹ̀ àwòrán yí fíríkúẹ́ǹsì (ìyára ìgbì) padà kó tó kọ ọ́ sórí téèpù, láàárín 3.8 MHz fún àmì ìbẹ̀rẹ̀ ìlà, tó ṣú ju dúdú lọ, àti 4.8 fún funfun. Tí funfun bá ta kọjá ibẹ̀, ẹ̀rọ kò lè kà á padà, ló bá di ìrù dúdú. Rẹsísítọ̀ mẹ́ta, kò tó ogún péńsì.

Fífọ héèdì

Ẹ̀rọ fídíò tí mo lò ní héèdì mẹ́rin, ẹnìkan ló fi ta mí lọ́rẹ nítorí pé ó ń jẹ kásẹ́ẹ̀tì. Rọ́bà tó ń fún téèpù mọ́ ọ̀pá ti le bí èékánná, ó sì ń yọ̀. Mo pààrọ̀ rẹ̀ pẹ̀lú bẹ́líìtì tó ti rọ̀ bí àmàlà. Ìyẹn kò lọ́rọ̀ nínú.

Héèdì ló lọ́rọ̀ nínú. Ẹni tó bá gbé ní Nàìjíríà láyé fídíò mọ̀ pé "ẹ bá mi fọ héèdì" ni gbogbo èèyàn máa ń sọ nígbà tí àwòrán bá ń já wìtìwìtì, àwọn kan á sì ki ìka tòun ti òwú bọ inú rẹ̀. Má fi òwú ṣe é, má sì fọ̀ ọ́ láti òkè sísàlẹ̀. Héèdì jẹ́ ègé kékeré tó yọ díẹ̀ lára ìlù irin tó ń yí ní ìgbà 1,500 ní ìṣẹ́jú kan. Tí o bá fà á lóròó, á kán, ìlù náà sì ti bàjẹ́ nìyẹn. Bébà tí kì í yọ irun ni mo fi bọ sípíríìtì, mo dì í mú gírígírí sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìlù láìmira, mo wá fi ọwọ́ kejì yí ìlù náà láti orí rẹ̀. Bébà jáde pẹ̀lú ìlà dúdú tẹ́ẹ́rẹ́. Mo ṣe é títí bébà fi ń jáde ní funfun.

Ibi tí àmì wọlẹ̀ sí

Bọ̀dá fẹ́ kí lẹ́tà òun dán, kí etí wọn má rí gbágungbàgun, nítorí náà píksẹ́lì (àwọn ẹ̀yà kékeré tó ń para pọ̀ di àwòrán) 640 sí ìlà 512 ló fi ya àkọlé rẹ̀, èyí tí à ń pè ní interlace. Tẹlifíṣọ̀n kì í ya odindi àwòrán lẹ́ẹ̀kan. Ó ń ya ìlà kìíní, ìkẹta, ìkarùn-ún lọ dé ìsàlẹ̀. Ó wá padà sókè ya ìkejì, ìkẹrin, ìkẹfà. Àbọ̀ àwòrán méjì ló ń di odindi kan. Àmì abẹ́ Ọ tí Bọ̀dá ṣe ga ní ìlà kan, ó sì fẹ̀ ní píksẹ́lì kan. Inú àbọ̀ kan ṣoṣo ló wà. Ní àbọ̀ kejì, kò sí níbẹ̀. Ó ń tàn, ó ń kú, ìgbà mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. Lójú mọ́nítọ̀ tó mọ́, ojú á ṣì rí i pé ó ń ṣẹ́jú. Ìyẹn ni ìyà àkọ́kọ́ tó jẹ àmì náà.

Ìyà kejì ni fífẹ̀ rẹ̀. Píksẹ́lì kan ní irú ojú yìí kì í gbà ju nǹkan bí 70 nanosecond (ìdá bílíọ̀nù ìṣẹ́jú-àáyá) lọ. VHS kò yára tó bẹ́ẹ̀. Nǹkan bí 3 MHz ni agbára rẹ̀ fún ìmọ́lẹ̀ àwòrán, ìyẹn ni pé kó tó yí láti dúdú dé funfun, píksẹ́lì méjì sí mẹ́ta ti kọjá lọ. Ó rí àmì Bọ̀dá bí ẹni tó wà nínú mọ́tò tó ń sáré ṣe ń rí èèyàn tó jókòó lẹ́bàá ọ̀nà.

Ìyà kẹta ni mo rò pé ó burú jù, n kò sì kọ́kọ́ fura sí i: pupa lórí búlúù. VHS ń já àwọ̀ kúrò lára ìmọ́lẹ̀, ó ń rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀ sí nǹkan bí 627 kHz kó tó kọ ọ́, àwọ̀ sì ń di ohun tó ń yí padà wọ́ọ́rọ́wọ́ gan-an. Láti pupa dé búlúù lórí téèpù lè gba píksẹ́lì mẹ́rìnlá. Àmì kékeré kò lè ní àwọ̀ tirẹ̀ rárá lórí VHS. Ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ nìkan la fi ń rí i. Ìmọ́lẹ̀ yẹn ni tẹlifíṣọ̀n ń ṣírò báyìí: 30 nínú ọgọ́rùn-ún láti ara pupa, 59 láti ara ewé, 11 láti ara búlúù. Nítorí náà pupa kíki jẹ́ 30, búlúù kíki jẹ́ 11. Lójú ènìyàn, kò sí ohun tó yàtọ̀ síra tó pupa àti búlúù. Lójú téèpù, òkùnkùn méjì ni wọ́n. Aṣọ ẹbí ló pa àmì yẹn.

Mo wá dán an wò dáadáa. Mo kọ ọ̀wọ́ Ọ kan, lẹ́tà tó ga ní ìlà 48, mo fi àmì oríṣiríṣi sí abẹ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan, funfun lórí dúdú kí ọ̀rọ̀ àwọ̀ má dí mi lọ́wọ́, mo ká a, mo dá a padà. Onípíksẹ́lì kan kò sí mọ́. Onímejì sí méjì, ẹni tó bá mọ ibi tó wà ló máa rí i. Èyí tó fẹ̀ ní mẹ́rin tó ga ní ìlà méjì hàn, àmọ́ ó rẹ̀ ẹ́. Èyí tó fẹ̀ ní mẹ́fà tó ga ní mẹ́rin dúró gbọnyin. Mẹ́jọ sí mẹ́fà dà bíi pé ẹnìkan fi sìgá jó abẹ́ lẹ́tà náà. Mo wá ṣe ohun tí àwa èèyàn máa ń ṣe sí fídíò ìnáwó: mo fi ẹ̀rọ méjì dà á kọ láti kásẹ́ẹ̀tì kan sí òmíràn, nítorí pé kò sí ẹni tó ń wo ojúlówó, àdàkọ ni gbogbo ẹbí ń wò. Mẹ́rin sí méjì kú nínú àdàkọ. Mẹ́fà sí mẹ́rin là á já.

Àlàfo tún wà. Tí àmì bá sún mọ́ ìdí lẹ́tà jù, Ọ ń di Q. Ìlà mẹ́rin ni mo fi sílẹ̀ láàárín wọn.

Kíkọ Yorùbá sí ojú ẹ̀rọ tí kò gbọ́ ọ

Ohun kan yà mí lẹ́nu nípa Amiga. Ó ní àmì ohùn. Mú Alt mọ́lẹ̀, tẹ F, tú u sílẹ̀, tẹ O, ó di Ó. G dípò F, ó di Ò. Àwọn lẹ́tà Faransé àti Sípéènì ni wọ́n ní lọ́kàn, ṣùgbọ́n àwa náà jẹ níbẹ̀. Abẹ́ lẹ́tà ni wọn kò ronú kàn: kò sí Ẹ, kò sí Ọ, kò sí Ṣ. Gbogbo èyí sì wà nínú Topaz, lẹ́tà kékeré tí ẹ̀rọ náà ń fi kọ̀wé fúnra rẹ̀. Àwọn lẹ́tà ńlá tó wà lórí dísíìkì Bọ̀dá kò ní àmì kankan, lókè tàbí nísàlẹ̀.

Nítorí náà ọwọ́ ni mo fi ṣe gbogbo rẹ̀. Nínú Deluxe Paint, a lè gé ègé àwòrán èyíkéyìí kí ó di búrọ́ọ̀ṣì tí a fi ń tẹ nǹkan. Mo ya àmì abẹ́ kan, píksẹ́lì mẹ́fà sí ìlà mẹ́rin, mo gé àwọn igun rẹ̀ díẹ̀ kó má rí bíi bíríkì, mo gé e di búrọ́ọ̀ṣì. Mo ṣe mí kan àti dò kan, àwọn náà nípọn ní ìlà mẹ́rin. Mo wá ń tẹ̀ wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan bíi ẹni tó ń lu òǹtẹ̀: AYẸYẸ ỌJỌ́ ÌBÍ ÀÁDỌ́RIN ỌDÚN, orúkọ ìyá mi lábẹ́ rẹ̀. Àmì lábẹ́ Ẹ, mí lórí Ọ́, gbogbo rẹ̀ gba ìrọ̀lẹ́ méjì. Amiga kò lè ju àwọ̀ mẹ́rìndínlógún lọ ní irú ojú yìí, mẹ́ta péré ni mo lò.

Orí sì ṣe mí ire lórí ọ̀rọ̀ àwọ̀. Wáìnì àti góòlù ni ìyá mi yàn fún aṣọ ẹbí. Amiga ní ìpele 16 fún àwọ̀ kọ̀ọ̀kan, láti 0 dé 15. Góòlù mi jẹ́ pupa 15, ewé 12, búlúù 0. Ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ tó 77 nínú ọgọ́rùn-ún. Wáìnì jẹ́ pupa 5, ewé 0, búlúù 1. Kò ju 11 lọ. Ká ní pupa àti búlúù ló tún yàn, mo ti ń bẹ̀bẹ̀ nìyẹn. Mo fi òjìji dúdú sí ẹ̀yìn lẹ́tà, bí Bọ̀dá ṣe kọ́ mi, kí góòlù tó bá ṣàn jáde lè ṣàn sínú òkùnkùn.

Wáìnì yẹn ni mo fi ṣe àwọ̀ 0, nítorí pé àwọ̀ 0 ló ń kun etí tó yí àwòrán Amiga ká. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, férémù dúdú á wà níbẹ̀. (Ẹni tó bá ní genlock kò gbọ́dọ̀ ṣe bẹ́ẹ̀ o, gbogbo wáìnì rẹ̀ ló máa di ihò.) Mo fi píksẹ́lì 64 sílẹ̀ lápá òsì àti lápá ọ̀tún, torí tẹlifíṣọ̀n onígò máa ń gé etí jẹ.

Kíká a sílẹ̀

F10 ló ń kó gbogbo irinṣẹ́ Deluxe Paint kúrò lójú. Mo ti ọfà mouse sí kọ̀rọ̀. Kásẹ́ẹ̀tì E-180 tuntun tí wọn kò tíì já ọ̀rá rẹ̀, mo kọ́kọ́ sáré e lọ dé òpin, mo sáré e padà, kí ó lè tú ara. Ìṣẹ́jú-àáyá ogún fún àkọlé, mo dá a dúró, mo yí wáyà sí kámẹ́rà, mo tẹ̀ síwájú. Ibi tí wọ́n ti pàdé ṣì ń fò díẹ̀. N kò rí nǹkan ṣe sí i. Ìsàlẹ̀ pátápátá náà ní ìlà tó ń mì, níbi tí héèdì kan ti ń gbé iṣẹ́ fún èkejì. Gbogbo VHS ló ní in, etí tẹlifíṣọ̀n ló máa ń bò ó.

Lọ́jọ́ Sátidé tó tẹ̀ lé ayẹyẹ, mo gbé e sí ẹ̀rọ ní pálọ̀ ìyá mi. Bọ̀dá fa àga rẹ̀ sún mọ́ tẹlifíṣọ̀n títí ìyá mi fi ní ṣé ó fẹ́ wọ inú rẹ̀ ni. Àkọlé yọ. Bọ̀dá kò sọ̀rọ̀. Ó gba rìmóòtù lọ́wọ́ mi, ó dá téèpù dúró.

Mo mọ ohun tó ń wá. Tí téèpù bá dúró, ìlù ń yí lọ, àmọ́ àbọ̀ àwòrán kan ṣoṣo ni ẹ̀rọ ń fi hàn léraléra. Bí àmì bá ga ní ìlà kan péré, ó lè bọ́ sí àbọ̀ tí kò sí lójú. Ti wa ga ní mẹ́rin, méjì wà nínú àbọ̀ kọ̀ọ̀kan. Àmì dúró lábẹ́ Ẹ, ó dúró lábẹ́ Ọ. Bọ̀dá fi ìka kàn án lójú gíláàsì, ó kà wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, ó jẹ́ kó lọ díẹ̀, ó tún dá a dúró, ó tún kà á.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ wò ó," ló wí, "àmì rèé."

Ìyá mi wò ó. "Mo ti rí i. Jẹ́ kó máa lọ jàre, orúkọ mi ló kàn."